Ìpara Bàbá Jẹ́kógbẹ

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Jẹ́kógbẹ, ọ̀rọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rò jù, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, láìsí iyọ̀.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ti gbó. Wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ fún Bàbá, ẹni tó jẹ́ pẹ́ńtà, àti fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó jẹ́ káfíńtà. Káfíńtà kan káńtà tuntun, Bàbá sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ògiri ẹ̀yìn ló kù. Yèrèpè ti gun ògiri náà dé abẹ́ òrùlé, ó so jìngbìnnì, irun wẹ́wẹ́ sì bo gbogbo èso rẹ̀. Ẹni tí irun yẹn bá kàn lára kì í ráyè kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọ̀gá àgbà láti olú-iléeṣẹ́ sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Bàbá gbé agolo ìpara rẹ̀ jáde. Ìpara funfun ni, ó ki, ó sì ń rùn bí àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi pa apá, ọrùn àti ojú, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí yóò fi gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ewé kó tó gbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ para, wọ́n jókòó, wọ́n na apá síwájú. Káfíńtà ní òun kò ráyè ìyẹn. Ó ní tó bá yún òun, òun á para nígbà náà, nítorí òun kò tíì rí ẹni tí orí kò fọ́ tó ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí.

"Àbúrò mi," ni Bàbá wí, "ìpara yìí kì í wo yíyún. Ó ń dènà rẹ̀ ni. Tó o bá pa á lẹ́yìn tí ewé ti kàn ọ́, ṣe lo máa pín in kárí ara fúnra rẹ."

Káfíńtà ti wà lórí àkàbà kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ tán.

Kò pẹ́ tó fi sọ̀kalẹ̀, ó sì ti ń họra kó tó kan ilẹ̀. Ó sáré sídìí agolo, ó ti apá méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó sì pa á sí ọrùn, ikùn, ojú àti ibi tí a kò ní dárúkọ. Irun yèrèpè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ìpara lọ síbi gbogbo. Èyí tó kù dúró sínú agolo. Àwọn òṣìṣẹ́ tó rí i bó ṣe ń fò sókè rò pé ìpara tiwọn kò tó. Àwọn náà dìde, wọ́n tún bu ti inú agolo pa lé èyí tí kò tíì gbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá àgbà máa fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ọ̀gá àgbà wọlé, ó bá káfíńtà níbi tó ti ń fi ẹ̀yìn gbo káńtà tuntun, tó di ojú pọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, apá rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀gá àgbà bi í pé kí ló ń ṣe ọkùnrin tó wà nídìí káńtà. Bàbá wo àna rẹ̀, ó wo àwọ̀ ewé tó ti gba gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ló wí. "Kì í dúró kí nǹkan gbẹ. Ọ̀dà tó gbára lé yẹn náà ò tíì gbẹ."

Ọjọ́ náà ni orúkọ Jẹ́kógbẹ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣáájú ìgbà náà, Pẹ́ńtà lásán ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ìwà náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó dé, àwọn àlejò dé, ọkọ nìkan ni wọn kò rí, nítorí pé pólíìṣì tó fi kun bàtà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Nígbà tó dé, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú kí ìyàwó lè rí bó ṣe ń dán. Ìyàwó wo bàtà náà pẹ́, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé wọn kò tan òun.

Lójú Bàbá, kò sí ohun tí kò ní àkọ́kùn. Ògiri tí a kò bá kọ́kọ́ kùn, ká jẹ́ kó gbẹ, ọ̀dà tó bá tẹ̀ lé e yóò bó. Gbogbo pẹ́ńtà ló mọ èyí. Ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ ni pé ó gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara rí, pé ara tí a kò pa nǹkan sí jẹ́ ògiri tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dúró bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, apá yín ni yóò máa wò, bí ẹni tó ń ṣírò ohun tí yóò gbà.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aránṣọ mìíràn máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ tó bá rán síta kí wọ́n lè wo ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ oníbàárà kan tí kò tíì rán tán kúrò lórí okùn, ó gbé e sọ sórí ọgbà tí yèrèpè bò. Ìyàwó lọ mú un. Kó tó padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ti pọ́n, àwọn ìka rẹ̀ kò sì lè ká mọ́. Kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Oníbàárà náà fẹ́ wọ aṣọ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́, aṣọ sì wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú apá kan ṣoṣo.

Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe yíyún ló pa á lẹ́kún. Iṣẹ́ tó kùnà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ náà. Nígbà tó máa yanu, ohun tó wí ni pé ewé kankan kò ní ṣe irú èyí sí ọwọ́ yẹn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó gé yèrèpè náà dànù, kí ọ̀rọ̀ parí. Ọkọ ní ẹni tó máa gé e náà ní láti fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara.

Amọ̀ funfun ló kọ́kọ́ pò, pẹ̀lú òróró, àbẹ́là yíyọ́, àti nǹkan tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dí ihò ara ògiri. Ó pa á sí apá ọ̀tún láàárọ̀, ó jókòó sínú oòrùn, ó na apá náà síta kó má baà kan aṣọ. Ó gbẹ. Ó gbẹ débi pé apá náà kò ká mọ́. Iṣẹ́ sì ń dúró dè é, ló bá jáde bẹ́ẹ̀, apá ọ̀tún nà gbọnrangandan sí títì. Ọkọ̀ méjì dúró fún un. Awakọ̀ kejì bú u nígbà tó ní òun kò lọ síbì kankan. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ níwájú rò pé ó fẹ́ bọ òun lọ́wọ́, ó sì bọ̀ ọ́; wọ́n jọ rìn díẹ̀, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá kò tíì gbẹ.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gbé omi gbígbóná wá, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí kan apá náà bí ẹyin tí wọ́n sè. Ó bínú títí, ẹ̀rín wá gbà á lẹ́nu.

"Ọkọ ni mo ní mo fẹ́," ló wí. "Ògiri ni wọ́n gbé fún mi."

Bàbá yọ ohun tí wọ́n fi ń dí ihò kúrò nínú ìpara. Ó fi ìda oyin rọ́pò àbẹ́là, òórùn àbẹ́là kò sì lọ. Ibi tó ti ń wá kò yé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé tiwọn, àwọn aládùúgbò gbin òdòdó sẹ́yìn ilé, òun gbin yèrèpè. Ó ń bomi rin ín nígbà ọ̀dá. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, yóò pa ìpara sí apá kan, yóò fi apá kejì sílẹ̀ lásán, yóò dúró kó gbẹ, lẹ́yìn náà yóò ki apá méjèèjì bọ inú ewé. Apá tí kò ní ìpara ló máa ń mú inú rẹ̀ dùn jù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un báyìí, yóò ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó jáde wá wò ó, pé èyí ń yún òun, èyí kò yún òun. Ìyàwó yóò dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ pé apá méjèèjì tòun kò yún òun, òun kò sì para.

Bàbá gbé ìpara náà lọ sọ́dọ̀ apòògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà, pé kó bá òun tà á. Apòògùn ṣí agolo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà.

"Kí ló ń wò?"

"Kò wo nǹkan kan, sà."

"Ta ló wá máa rà á?"

"Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe."

"Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi," ni apòògùn wí. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí Bàbá mú ẹnì kan wá tí ìpara náà ti ṣe lóore, kí òun gbọ́ lẹ́nu onítọ̀hún. Bàbá ronú títí, nítorí ohun tí ìpara yìí ń ṣe fún èèyàn ni pé kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan wá. Òṣìṣẹ́ náà dúró ṣánṣán, ó ní wọ́n fi pa òun lára, nǹkan kan kò sì ṣe òun. Apòògùn ní òun náà kò para, nǹkan kan kò ṣe òun. Bàbá gbé agolo rẹ̀. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà lójú ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ yẹn ní èsì, òun kàn kò tíì rí i ni. Ó wá èsì náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ apòògùn kọ́ ló ń dùn ún. Ẹnì kan ṣoṣo ló torí rẹ̀ po ìpara yìí, ẹni náà kò sì fi pa ìka kan rí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń rùn. Ó ní yóò ba aṣọ oníbàárà jẹ́, òtítọ́ sì ni, nítorí pé Bàbá ti fi ọwọ́ kan aṣọ funfun ẹnì kan rí, ilà ìka rẹ̀ kò sì bọ́ títí wọ́n fi sọ ọ́ di aṣọ aláràbarà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní òun kì í ṣe ògiri. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Bàbá kò jáwọ́. Ó fi lọ́fínńdà sí i, ó wá ń rùn bí àbẹ́là tó fẹ́ lọ sóde. Ó rọ ọ́ sínú ìgò ìpara olówó ńlá tó ti tán, ó gbé e sídìí dígí ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó kò tilẹ̀ ṣí i kó tó mọ̀. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀. Káfíńtà fi kun ìdí dúrọ́ọ̀ kan tó ti ń há láti ọjọ́ pípẹ́, dúrọ́ọ̀ náà sì ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde títí di òní. Ó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àìsàn kan ṣoṣo tí ìpara àna òun wò sàn nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí káfíńtà kì í sọ. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá fẹ́ lọ síbi tí ewé burúkú bo ògiri, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a kun ẹ̀yìn ọrùn àti ìpẹ̀kun èjìká tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà àtijọ́ kan ló fi ń ṣe é, kí nǹkan náà má baà kan òun lára. Yóò na ọwọ́ gbọọrọ, yóò yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò kùn ún dáadáa láìfo ibì kankan. Bàbá a máa dúró bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún. Ìyàwó yóò dúró tì í títí tí yóò fi gbẹ.

Nígbà tí àìsàn gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi òwú tó ní sípírítì nu apá rẹ̀ láti gún un lábẹ́rẹ́. Bàbá fa apá sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ."

Nọ́ọ̀sì dúró. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ àwọn níléèwé, pé kí sípírítì gbẹ ná kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Inú Bàbá dùn ju ti ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ilé ìwòsàn ti gbà pẹ̀lú òun, ó sì ní kí ẹnì kan lọ sọ fún apòògùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ó mú ọwọ́ obìnrin náà, ó ń yẹ àwọn ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Agolo tuntun wà lábẹ́ tábìlì mi," ló wí. "Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ṣé wàá pa á?"

"Ẹ kọ́kọ́ dìde ná," ni ìyàwó fèsì. "Tẹ́ ẹ bá dìde, màá pa á."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́, àdéhùn ni. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, kò sẹ́ni tó bomi rin yèrèpè, ṣùgbọ́n yèrèpè kò mọ̀. Ó bo ọgbà, ó yọjú sí aládùúgbò, ó wá ń rá bọ̀ sí ojú fèrèsé tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Àwọn èèyàn fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Aránṣọ ní òun ti gbọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Ó kàn ti fèrèsé. Ó ń ránṣọ nínú ooru, pẹ̀lú iná tó tàn lọ́sàn-án gangan, títí káfíńtà fi ní kò ṣeé gbọ́ sétí mọ́, pé òun ń bọ̀ wá gé e.

Ó dé pẹ̀lú àdá àti ẹ̀wù alápá gígùn. Aránṣọ ní òun náà á ṣe é. Káfíńtà ní kí ó má dán an wò, kí ó ro ti ọwọ́ rẹ̀. Aránṣọ wọ yàrá ọkọ rẹ̀, ó gbé agolo jáde láti abẹ́ tábìlì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà. Ó ṣí agolo. Àbẹ́là gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Irọ́ ni Bàbá pa. Ó ń rùn bó ṣe máa ń rùn.

Ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde kò dìde, ó sì ti ọwọ́ bọ agolo bẹ́ẹ̀ náà. Ó pa á sí àtẹ́lẹwọ́, sí àárín ìka, sí abẹ́ èékánná, sí apá títí dé èjìká. Káfíńtà ń wò ó. Nígbà tó yá, òun náà bọ́ ẹ̀wù, ó bu ìpara, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó pa á tán, ó mú àdá, ó gbéra.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Jẹ́ kó gbẹ."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ wọn kò tíì gbẹ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá, wọ́n na apá funfun mẹ́rin síwájú nínú oòrùn, wọ́n ń dúró. Àánú Bàbá ṣe wọ́n, pé kò sí níbẹ̀ láti rí i.

Wọ́n gé yèrèpè náà láti ojú fèrèsé dé ìdí ọgbà. Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o jọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ká ìka rẹ̀, ó nà wọ́n, ó tún ká wọn. Kò sí èyí tó wú. Ó lọ ṣí fèrèsé.

Ìtàkùn kan ló kù ní igun ọgbà. Káfíńtà gbé àdá sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, á tún kárí ọgbà."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?"

Aránṣọ dé agolo náà pinpin, ó gbé e mọ́ra.

"Ìpara ṣì kù," ló wí.